Philip Henry Gosse

Philip Henry Gosse (ọjọ́ 6 oṣù Igbe, ọdún 1810 – ọjọ́ 23 oṣù Ògún, ọdún 1888) jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá ẹlẹ́mìí, ayàwòrán àti òǹkọ̀wé. Òun ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà aquarium di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ fún àpótí gíláàsì tí a ń sin ẹja àti àwọn ẹ̀dá inú omi sí. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dá inú òkun sínú ilé, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ The Aquarium, tí ó jáde ní ọdún 1854, ni ó kọ́ àwọn ènìyàn lásán bí wọ́n ṣe lè ṣe é. Títí di òní, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sin ẹja inú òkun sínú yàrá rẹ̀ ń rìn ní ọ̀nà tí Gosse wà lára àwọn tí ó là á.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Worcester ni wọ́n ti bí Gosse. Òun ni ọmọ kejì nínú ọmọ mẹ́rin tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Thomas Gosse, bàbá rẹ̀, a máa rìn láti ìlú dé ìlú láti ya àwòrán kéékèèké ti ojú àwọn ènìyàn, owó tí ó sì ń rí nídìí iṣẹ́ náà kò tó nǹkan. Hannah, ìyá rẹ̀, ni ó ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù ilé.

Ìlú Poole, ní etí òkun Dorset, ni Gosse ti dàgbà. Níbẹ̀ ni ó ti mọ àwọn ẹ̀dá tí omi òkun máa ń fi sílẹ̀ sínú kòtò àpáta nígbà tí ó bá fà sẹ́yìn. Arábìnrin bàbá rẹ̀, Susan Bell, wà lára àwọn tí ó fi ojú rẹ̀ mọ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Ọmọ obìnrin yìí, Thomas Bell, di gbajúmọ̀ onímọ̀ nípa ẹranko nígbà tí ó yá.

Àwọn ọdún rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti Àríwá

Ní ọdún 1827, nígbà tí Gosse jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Newfoundland, ó sì di akọ̀wé ní ọ́fíìsì àwọn oníṣòwò kan ní ìlú Carbonear. Ní ọdún 1832 ó ra ìwé kan nípa awò máíkírósíkóòpù tí George Adams kọ. Láti ìgbà náà ni ó ti fi ara rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò. Ní ọdún kan náà ni ẹ̀sìn Kristi gbà á lọ́kàn pátápátá. Ìmọ̀ ẹ̀dá àti ìgbàgbọ́ wọ inú ayé rẹ̀ pọ̀, kò sì fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì títí ó fi kú.

Ní ọdún 1835 ó lọ dá oko ní Compton, ní apá ilẹ̀ Kánádà tí à ń pè ní Quebec nísinsìnyí. Òtútù gígùn àti ilẹ̀ tí kò mú èrè wá kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà lọ déédéé. Ó ta oko náà ní ọdún 1838, ó sì lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ àwọn olóko òwú ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan nítòsí Pleasant Hill. Ó ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán kòkòrò àti labalábá níbẹ̀. Ó tún fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń lo àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú nínú oko, ohun tí ó rí sì kó ìrira bá a. Kò pé ọdún kan tí ó fi kúrò níbẹ̀.

Ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1839 láìní owó lọ́wọ́. Orí omi ni ó ti kọ èyí tí ó pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ The Canadian Naturalist, tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1840. Ní Hackney, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó dá ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀, ó sì darapọ̀ mọ́ ìjọ Plymouth Brethren.

Jàmáíkà

Ní ìparí ọdún 1844 Gosse dé erékùṣù Jàmáíkà láti kó ẹyẹ, kòkòrò àti ewéko jọ fún àwọn tí ń rà wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbé ní Bluefields fún nǹkan bí oṣù 18. Ìgbà náà kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n dá àwọn ẹrú erékùṣù náà sílẹ̀ pátápátá ní ọdún 1838.

Àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ni ó ràn án lọ́wọ́ jù. Ó gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Samuel Campbell, gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, ó sì jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ bí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe mú tó àti bí ó ṣe tètè mọ iṣẹ́. Richard Hill, adájọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀, tí ó sì ti bá wọn jà kí oko ẹrú lè dópin, di ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Hill mọ àwọn ẹyẹ erékùṣù náà dunjú. Nígbà tí Gosse tẹ The Birds of Jamaica jáde ní ọdún 1847, ó kọ orúkọ Hill sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni èyí jẹ́ láàárín àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ funfun ìgbà náà.

Ní Jàmáíkà ni Gosse ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbé ẹ̀dá alààyè kúrò ní ibùgbé rẹ̀. Ó mú àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń mu oje òdòdó, ó sọ wọ́n sínú yàrá, ó sì ń fi omi ṣúgà bọ́ wọn, pẹ̀lú èrò pé òun yóò gbé wọn dé Lọ́ńdọ̀nù láàyè. Gbogbo wọn ni ó kú. Ìjákulẹ̀ yìí fi hàn pé oúnjẹ nìkan kò tó láti mú ẹ̀dá wà láàyè bí a bá ti já a gbà kúrò níbi tí a dá a mọ́.

Ìgbéyàwó àti etí òkun Devon

Ní ọdún 1848 Gosse gbé Emily Bowes níyàwó. Akéwì àti òǹkọ̀wé ìwé ìgbàgbọ́ ni Emily. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọdún 1849, wọ́n bí ọmọ kan ṣoṣo, Edmund, tí ó di òǹkọ̀wé ńlá lẹ́yìn náà.

Iṣẹ́ ìwé kíkọ tí kò dáwọ́ dúró rẹ Gosse débi pé ìlera rẹ̀ bàjẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1852 ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí etí òkun Devon. Lójoojúmọ́ ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí àárín àpáta pẹ̀lú òòlù, apẹ̀rẹ̀ àti ìgò, tí yóò sì kó akàn, edé, ìgbín òkun àti àwọn ẹ̀dá tí ó dà bí òdòdó tí wọ́n ń pè ní anẹ́mónì wá sílé. Ìwé A Naturalist's Rambles on the Devonshire Coast, ti ọdún 1853, ni ó ti kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rí fún gbogbo ènìyàn.

Àpótí omi òkun

Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Bí a bá bu omi òkun sínú ìgò, tí a sì fi ẹja sí i, ẹja náà yóò lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ó wà nínú omi tán, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò sì sọ omi náà di májèlé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi yóò rùn, ẹja yóò sì kú. Ẹni tí ń gbé ní etí òkun lè máa pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí òkun jìnnà sí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ti bá ìṣòro yìí jà ṣáájú Gosse. Ní ọdún 1832, Jeanne Villepreux-Power, ọmọbìnrin ilẹ̀ Faransé tí ń gbé ní Messina ní erékùṣù Sísílì, ti ń fi àpótí gíláàsì ṣe ìwádìí nípa àwọn ẹ̀dá inú òkun. Láti ọdún 1846, Anna Thynne ti ń tọ́jú iyùn alààyè ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó máa ń da omi náà láti inú ìkòkò kan sí òmíràn kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1850, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́místrì, fi hàn pé bí a bá fi ewéko sínú omi kan náà pẹ̀lú ẹja, ewéko yóò máa mú ọ́síjìn jáde nínú ìmọ́lẹ̀, ẹja yóò sì máa fi mí. Nígbà tí ewé tí ó ń jẹrà ba omi jẹ́, ó kó ìgbín sí i láti máa jẹ ewé náà, omi sì tún mọ́ gaara.

Gosse gbé ìlànà yìí lọ sínú omi iyọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ewédò òkun aláwọ̀ ewé bá iṣẹ́ náà mu ju àwọn ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ lọ. Ó tún kọ́ pé bí ẹ̀dá bá pọ̀ jù nínú àpótí, bí òkú ẹ̀dá kan bá wà nínú rẹ̀ tí a kò tètè yọ, tàbí bí oòrùn bá pa á jù, gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ lè run. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ dá lé.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù bá a ṣe àdéhùn láti máa kó ẹ̀dá inú òkun wá fún ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ sínú ọgbà ẹranko wọn ní Regent's Park. Láti Weymouth ni ó ti fi ọ̀pọ̀ nínú wọn ránṣẹ́. Wọ́n ṣí Ilé Ẹja náà ní oṣù Èbìbí, ọdún 1853, ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ayé tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ láti wò. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tí kò rí ẹja òkun rí bí kò ṣe lórí àtẹ ọjà ni ó rí i níbẹ̀ tí ó ń lúwẹ̀ẹ́.

Ìwé The Aquarium jáde ní ọdún kejì, pẹ̀lú àwòrán aláràbarà tí Gosse fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ṣáájú ìgbà náà, oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ń pe àpótí yìí, vivarium sì wà lára wọn. Gosse yan aquarium nítorí pé ó kúrú, ó sì rọrùn láti pè. Orúkọ náà ni ó borí.

Ní ọdún kan náà ni ó yanjú ìṣòro àwọn tí òkun jìnnà sí. Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ti tú omi òkun palẹ̀ láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Gosse lo àbájáde wọn, ó ra iyọ̀ ìjẹun, iyọ̀ Epsom, àti àwọn èròjà mánígínísíọ̀mù àti potásíọ̀mù, ó sì pò wọ́n mọ́ omi lásán ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Kò kánjú fi ẹ̀dá kankan sínú rẹ̀. Ewédò ni ó kọ́kọ́ fi sí i. Nígbà tí ó rí i pé ewédò náà ń gbèrú ni ó tó kó àwọn ẹ̀dá ẹlẹ́mìí sínú omi náà, wọ́n sì yè.

Ìpalára tí ó tẹ̀lé e

Láàárín ọdún díẹ̀, àpótí omi òkun di ohun tí gbogbo ìdílé tí ó rí jájẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ ní. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ta anẹ́mónì, ewédò àti omi òkun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ ojú irin ń kó èrò lọ sí etí òkun, Gosse fúnra rẹ̀ sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn lọ sí àárín àpáta ní Ilfracombe ní ọdún 1855. Ní ọdún 1856, Royal Society gbà á gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ka ìwé rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí àpáta lè fún wọn lọ. Wọ́n fi òòlù fọ́ àpáta, wọ́n kó ohun tí wọ́n rí, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kó kú kí ó tó dé ilé. Àwọn kòtò omi tí ó kún fún ẹ̀dá nígbà tí Gosse kọ́kọ́ dé Devon di òfìfo. Edmund, ọmọ rẹ̀, kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ohun tí bàbá òun rí yìí bà á nínú jẹ́ gidigidi, nítorí ó mọ̀ pé ìwé òun ni ó ṣí ọ̀nà fún un. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọdún 1870, ìfẹ́ àwọn ènìyàn sí àpótí náà ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ etí òkun kò padà sí bí ó ti wà.

Ikú Emily àti ìwé Omphalos

Ní ọdún 1856, àwọn oníṣègùn rí àrùn jẹjẹrẹ ọmú lára Emily. Ó gba ìtọ́jú lọ́wọ́ oníṣègùn Amẹ́ríkà kan tí ń lo ìpara dípò iṣẹ́ abẹ. Ìtọ́jú náà ní ìrora púpọ̀, kò sì wò ó sàn. Emily kú ní oṣù Èrèlè, ọdún 1857. Gosse ṣẹ́ kù pẹ̀lú ọmọ ọdún méje.

Ní ọdún náà ni ó tẹ ìwé Omphalos jáde. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ìdodo ni orúkọ ìwé náà. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti fi hàn pé ayé ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ Kristẹni ti gbà gbọ́ lọ, nítorí wọ́n rí egungun àti ìkarahun àwọn ẹ̀dá àtijọ́ tí ó ti di òkúta. Gosse, tí kò fẹ́ kọ ẹ̀rí wọn sílẹ̀, tí kò sì fẹ́ kọ Bíbélì sílẹ̀, sọ pé Ọlọ́run dá ayé pẹ̀lú àmì ọjọ́ orí tí kò lò, gẹ́gẹ́ bí Ádámù ti lè ní ìdodo láìjẹ́ pé obìnrin kankan bí i. Ó rò pé ìwé náà yóò parí ìjà láàárín ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́. Àwọn onímọ̀ kò gbà á, àwọn onígbàgbọ́ pàápàá kò sì gbà á. Charles Kingsley, àlùfáà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò lè gbà pé Ọlọ́run kọ irọ́ sára òkúta. Ìwé náà kò tà.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Gosse kó lọ sí St Marychurch ní Devon, ó sì ń darí ìjọ kékeré kan níbẹ̀. Láàárín ọdún 1858 sí 1860 ó tẹ Actinologia Britannica jáde, ìwé ńlá nípa àwọn anẹ́mónì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn onímọ̀ lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1860 ó fẹ́ Eliza Brightwen. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n, ó ń bá Charles Darwin kọ lẹ́tà sí ara wọn nípa òdòdó ọ́kíìdì. Ní ọdún 1886, òun àti C. T. Hudson parí iṣẹ́ ńlá kan nípa àwọn ẹ̀dá inú omi tí ojú lásán kò lè rí dáadáa.

Gosse kú ní ọjọ́ 23 oṣù Ògún, ọdún 1888, ní ẹni ọdún 78. Ní ọdún 1907 Edmund tẹ ìwé Father and Son jáde, níbi tí ó ti ṣàpèjúwe bí òun àti bàbá òun ṣe fẹ́ràn ara wọn tí ìgbàgbọ́ sì yà wọ́n. Nípasẹ̀ ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Gosse gẹ́gẹ́ bí bàbá tí ó le, tí iṣẹ́ ìmọ̀ rẹ̀ sì fara sin fún ìgbà pípẹ́.

Ogún rẹ̀

Àwọn ohun kan wà tí Gosse kò mọ̀. Ó rò pé ewédò nìkan ni ó ń sọ omi di mímọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1890, Sergei Winogradsky fi hàn pé àwọn baktéríà kan ni ó ń sọ ammóníà, májèlé tí ó ń jáde lára ìgbẹ́ ẹ̀dá, di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àpótí tuntun fi gbọ́dọ̀ wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹja tó wọ inú rẹ̀. Ìsúnra tí Gosse fi iriri kọ́ ni ìmọ̀ yìí ṣàlàyé.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn kedere lára àwọn ẹja áńgẹ́lì kéékèèké, ìdílé Centropyge, tí àwọn olùsin ẹja òkun fẹ́ràn lónìí. Ọ̀kan nínú wọn, Centropyge argi, tí kì í ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, ń gbé nínú òkun tí ó yí Jàmáíkà ká, níbi tí Gosse ti ṣiṣẹ́. Òmíràn, Centropyge resplendens, ń gbé ní àyíká erékùṣù Ascension, láàárín Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti Bràsíìlì. Ewédò tí ó wà lára àpáta ni wọ́n máa ń jẹ láti àárọ̀ dé alẹ́, nítorí náà wọn kì í pẹ́ kú nínú àpótí tuntun tí àpáta rẹ̀ kò tíì hu nǹkan. Abo ni wọ́n ń jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó tóbi jù láàárín wọn ni yóò di akọ. Akọ méjì nínú àpótí kékeré kan yóò máa bá ara wọn jà títí ọ̀kan yóò fi kú.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní àríwá Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí etí òkun. Ìlàjẹ, ní gúúsù, ni ìpínlẹ̀ náà ti fara kan òkun Atlántíìkì. Ẹja àrọ̀ àti àwọn ẹja odò mìíràn tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti Ifọ̀n mọ̀ kò lè gbé nínú omi òkun, ẹja áńgẹ́lì náà kò sì lè gbé nínú omi odò. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ín ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ po omi òkun fúnra rẹ̀, nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ òkun sí lítà omi kan, gẹ́gẹ́ bí Gosse ti ṣe ní ọdún 1854. Bí oòrùn bá fa omi lára àpótí náà, omi lásán ni a fi ń dí i, nítorí iyọ̀ kì í bá omi lọ. Bí iná mànàmáná bá lọ, tí ẹ̀rọ tí ń da omi pọ̀ sì dákẹ́, ọ́síjìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ẹni tí ó ni ẹja yóò sì padà sí ipò Anna Thynne, tí omi rẹ̀ ń fẹ́ ọwọ́ ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ kejì tí ìgbésí ayé Gosse fi sílẹ̀ kan òkun fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹja áńgẹ́lì kéékèèké tí ó wà lọ́jà ni wọ́n ṣì ń mú láti inú òkun. Ní ọ̀rúndún 21, àwọn onímọ̀ ti rí ọ̀nà láti mú irú wọn kan bí nínú àpótí, kí wọ́n sì tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ àpáta iyùn.